Ìdí Orógbó

Kí o tó dé Èjìnrìn, bí o bá ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́,
ọ̀nà kan yà sọ́wọ́ òsì, kò ní àkọlé.
Ewé gbòdògí ti bò ó dé orúnkún.
Abà wa nìyẹn: ògiri méjì tó kù nínú mẹ́sàn-án,
ọlọ kan tí òjò ti fọ̀ mọ́ ju ọwọ́ obìnrin lọ,
àti igi orógbó.

Lọ́dún tí ìdílé Ọnàsànyà pe ìdílé Ṣólàrù lẹ́jọ́
nítorí ta ló kọ́kọ́ débẹ̀,
èmi ni wọ́n ní kí n tẹ̀lé awọnlẹ̀ lọ,
kí n mú ìwé Bàbá Múrí dání,
èyí tó fi pẹ́ńsù kọ àwọn baálé sí,
ilé kan, ìlà kan:
iye ebè tí oníkálukú kọ,
iye ọ̀pẹ tó ń gùn,
ọmọ tó bí, ọmọ tó sin.
Ìlà kìíní, ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́,
ó tún kọ ọ́, ó tún pa á rẹ́,
títí ìwé fi lu.

Àwọn Ọnàsànyà ní baba àwọn ló kọ́kọ́ fi imọ̀ ọ̀pẹ pàgọ́ síbẹ̀.
Àwọn Ṣólàrù ní irọ́ ni, ògiri alámọ̀ baba tàwọn
ti ga dé ìpele kẹta
kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ìró àáké mìíràn.
Awọnlẹ̀ ń fa okùn, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀.
Kò dá sí i.

Ìyá Sàbítíù ló ń gé ewé lẹ́bàá ibẹ̀,
ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́.
Ó jókòó lórí gbòǹgbò, ó tutọ́.
"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jà, ta ló gbin orógbó yìí?"
A dákẹ́.
"Nígbà tí baba yín méjèèjì dé, ó ti ń so."

Ó ní obìnrin kan ni, Efúnyẹlá,
ìwọ̀fà tó sá fún olówó lẹ́yìn ọdún mẹ́fà
lórí gbèsè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò tán.
Ọkọ́ kan ló gbé wá, àti èso tó so mọ́ ṣẹ́tí aṣọ.
Ilé rẹ̀ kò ju ibi tí èèyàn mẹ́ta lè nà sí lọ;
ó kọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ síbi tí ẹni tó bá ń bọ̀ yóò gbà yọ.
Nígbà tí Ọnàsànyà dé tòun ti ibà, òun ló fún un lómi.
Nígbà tí Ṣólàrù dé, òun ló fi ibi tí amọ̀ ti ń lẹ̀ hàn án.
Kò bímọ.
Ẹni tí kò bímọ, ta ni yóò ro ẹjọ́ rẹ̀ ní kóòtù?

Àwọn ọkùnrin wúkọ́. Ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ arúgbó ni.
Awọnlẹ̀ fi ọ̀dà pupa kun ara igi náà,
ó sì kọ ọ́ sínú àwòrán rẹ̀: igi kan.
Ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Lọ́yà méjì ti kú lórí rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ṣí ìwé Bàbá Múrí,
mo gbé e súnmọ́ àtùpà.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti lu,
mo rí lẹ́tà kan tí rọ́bà kò pa tán:
E.
Ó lè jẹ́ ojú mi.
Orógbó tí mo ṣà nídìí igi ṣì wà lápò mi.
Mo gé e jẹ. Ó korò.
Mo jẹ ẹ́ tán.