Etí Ìwé

Ní Sápọ́n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósófíìsì,
Ṣówándé tẹ́ táapólì sílẹ̀, ó pàtẹ ìwé ògbólógbòó:
ìṣirò, ìwé ìránṣọ, ìwé àdúrà
tí ikán ti jẹ gbogbo àmín inú rẹ̀ tán.
Ìwé ìrìn-àjò ni tèmi.
Èmi akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì ní Lafẹ́nwá,
tí mò ń já ìwé ọ̀nà fún ẹlòmíràn, tí n kò kọjá Ìbàdàn rí,
mo ti bá òyìnbó ọdẹ wọ igbó nígbà mẹ́tàdínlógún,
lórí àga, pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mo ti mọ ìṣe wọn.
Ẹ̀fọn á kọ́kọ́ gbé ibà kò wọ́n,
ẹfọ̀n á wá fi ìwo lé wọn gun igi,
ní ìparí, orí ẹran á kọ́ sára ògiri nílùú òtútù.
Àwọn tó ru ẹrù ńkọ́?
Iye wọn ni wọ́n ń kọ, bí ẹni ka ebè.
"Mo gba ogójì." Ogójì kí ni?
Ogójì ọrùn. Ogójì ìyá tó ń wọ̀nà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti ń ṣú bọ̀ láti òkè odò,
Ṣówándé ń kánjú, ó ń sọ ìwé sínú páálí,
ni èyí tí okùn ẹ̀yìn rẹ̀ ti já bá ṣí fúnra rẹ̀.
Àwòrán.
Òyìnbó gbé ẹsẹ̀ kan lé ẹfọ̀n,
ó gbé ìbọn mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ lọ ìsàmì.
Lẹ́yìn rẹ̀, lápá òsì, ọkùnrin kan dúró
tí kò wo kámẹ́rà; ilẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tó ń ka ipasẹ̀.
Etí rẹ̀ ọ̀tún gé lókè, bí ewé tí tata jẹ.

Mo san owó tó pè. N kò ná an.

Ìyá Àgbà kò ríran mọ́. Ní Ìtòkò, lẹ́nu ọ̀nà,
mo ka á fún un, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ti ń lọ.
"Ó ní ìbọn òun dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹran ṣubú."
Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Ó dún lóòótọ́. Igi arère ló gbà á.
Ọkùnrin yẹn ti wà lókè igi nígbà tí ẹfọ̀n kú,
bàtà rẹ̀ kan ti já bọ́.
Baba mi gbé bàtà náà wálé. Adìyẹ wa ló ń yé sí i
títí mo fi relé ọkọ."

Ó dákẹ́. Ó ní, "Etí wo ló gé?"
Mo ní, ọ̀tún.
Ó fọwọ́ kan etí ara rẹ̀, tòsì, lẹ́yìn náà tọ̀tún,
bí ẹni tí ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn.
"Ó ti pẹ́," ló wí. "Ó ti pẹ́ jù."

Ọdún tó wà níwájú ìwé kò bá ọdún rẹ̀ mu, mo ti ṣírò rẹ̀.
Odò tí ìwé dárúkọ jìnnà sí tiwa.
Ó lè jẹ́ etí ẹlòmíràn.
Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà,
bó bá pa ẹran, kò ní fẹ́nì kan jẹ.
Ẹran kọ́ ni mo bèèrè lọ́wọ́ eléyìí.

Etí ìwé ṣófo, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta.
Mo gbẹ́ pẹ́ńsù. Mo kọ ọ́ síbẹ̀:
Ọdẹ́dínà, ọmọ Ìtòkò, bàbá Ẹfúnbọ̀.
Mo fi "bóyá" sí i nísàlẹ̀, mo tún pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé mo dá ìwé padà sórí táapólì.
Ṣówándé ní ṣé kò dùn ni.
Mo ní ó dùn,
mo ní kó tà á fún ẹni tó bá fẹ́ rìn jìnnà.