Ìrìn Òru ní Rówánì Kọ́ọ̀tù

Ìyàwó mi bi mí lórí fóònù: "Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n fún ọ?"
Mo ní: ìrìn ni.
Wọ́n ń sanwó fún mi kí n máa rìn,
àjà mẹ́rìndínlógún, láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́,
fèrè kan, tọ́ọ̀ṣì kan, ìwé kan tí mò ń fọwọ́ sí.
Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní: "Olùkọ́ Jọ́gíráfì!"

Bàbá mi a máa wí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.
Bàbá mi kò dé Sọ́fọ́ọ̀dù.
Níbí, wọ́n fi aṣọ tí iná fẹ́ràn wọ ilé láti òkè délẹ̀,
aṣọ aláwọ̀ ewé tó ń dán nínú òjò,
wọ́n ní kí gbogbo ayálégbé máa sùn nínú rẹ̀.
Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni lẹ́tà dé: aṣọ náà kò dára.
Ta ni yóò sanwó bíbọ́ rẹ̀? Ẹjọ́ wà ní kóòtù.
Kí ẹjọ́ tó parí, kí èmi máa rìn.

Imú ni mo fi ń ṣiṣẹ́.
Kọ́rì ní àjà kejì, ọṣẹ ìfọṣọ ní ìkarùn-ún,
sìgá Mísíìsì Hẹ́skẹ́ẹ̀tì ní ìkẹjọ,
ẹni tó ń sùn lórí àga nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó dùbúlẹ̀.
Ní ìkẹsàn-án, dòdò. Dòdò, ní aago méjì òru!
Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀. N kò kọ ìyẹn sínú ìwé.

Bàtà kan wà ní àjà keje.
Bàtà ọmọdé, ẹsẹ̀ òsì, aláwọ̀ búlúù,
òun ni wọ́n fi ń há ilẹ̀kùn ọ̀nà àtẹ̀gùn kó má baà padé.
Ilẹ̀kùn náà wúwo, òótọ́ ni;
ẹni tó gbé ọmọ tó tún gbé àpò kò ní ọwọ́ kẹta.
Ṣùgbọ́n èéfín kì í kanlẹ̀kùn,
kì í béèrè bóyá onílé wà nílé.
Lóròòru mo yọ bàtà, lóròòru wọ́n dá a padà.
A kò rí ara wa rí, èmi àti ẹni tó ni bàtà,
à ń bá ara wa jà bí orogún.

Òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kejì,
mo yọ ọ́, mo tì í bọ àpò. Ilẹ̀kùn dún: gbìn.
N kò tíì dé ìkarùn-ún tí imú mi fi ní: padà.
Rọ́bà. Rọ́bà àti irin tó ń gbóná.
Bátìrì kẹ̀kẹ́ Rébìn, ọmọ Kọ́ọ̀dì tó ń gbé oúnjẹ kiri,
tó ń fi iná sí i ní kọ́rídọ̀ nítorí yàrá rẹ̀ kò gbà á.
Lẹ́yìn gíláàsì ilẹ̀kùn, funfun báláú.

Mo fun fèrè. Ó ké bí ológbò tí a tẹ̀ ní ìrù.
Mò ń gbá ilẹ̀kùn láti àjà dé àjà, mò ń pariwo "Ẹ jáde!"
ní Yorùbá, kí n tó rántí ibi tí mo wà.
Ẹnìkan ṣáà gbọ́ ọ: onídòdò, nọ́ọ̀sì ni,
fìlà ìsùn lórí, kò bi mí ní ìbéèrè kankan,
ó gba abẹ́ apá ọ̀tún Mísíìsì Hẹ́skẹ́ẹ̀tì, èmi gba òsì.
Lórí àtẹ̀gùn, atẹ́gùn ṣì mọ́ tónítóní.
Àwọn ará àjà keje gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn,
Rébìn ló kẹ́yìn, ó ń sunkún, ó ń bẹ gbogbo wa.

Panápaná ní iná náà kò ju tábìlì lọ.
Nínú òjò, obìnrin kan gbé ọmọ tí kò wọ bàtà.
Mo yọ bàtà búlúù láti inú àpò.
Ó wò ó, ó wò mí.
Kò tilẹ̀ gba ẹsẹ̀ ọmọ náà mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, kò sí bàtà ní àjà keje.
Ìwé ìròyìn ni, wọ́n ká a sí mẹ́rin.