Wáyà Bàbà

Ó ti ń kùn kí n tó mọ orúkọ ara mi,
ẹ̀rọ ńlá bàbá mi nílé wa ní Ìsọ̀nà,
sípíkà méjì tó ga tó ọmọ ọdún méje.
Bí orin wà níbẹ̀, bí kò sí,
ó ń kùn bí oyin nínú ihò igi.
Bí wọ́n bá mú iná lọ, kíkùn náà á dákẹ́,
a ó sì mọ̀ pé ilé ti ṣófo.

Ìdògbé oníná ló wá wò ó.
Ó dọ̀bálẹ̀, kì í ṣe fún mi o,
fún ihò iná tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.
Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó pòṣé,
ó fa wáyà kan jáde, tín-ín-rín,
ó fi ọ̀bẹ ha ara rẹ̀: nǹkan funfun yọ.
Ó ní, "Èyí kì í ṣe bàbà."
Etí mi gbọ́ bàbá. Ọkàn mi já.
"Wọ́n kàn kùn ún ní àwọ̀ bàbà ni.
Ohùn tó yẹ kó gba títì márosẹ̀,
ẹ ní kó gba ojú abẹ́rẹ́."

Mo bi í ní iye owó. Ó sọ ọ́.
Mo ní kó tún un sọ.
Wáyà bàbà gidi, mítà mẹ́rìnlá;
okùn iná tuntun;
irin gígùn tí a ó gbá wọlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé;
ínfátà àti bátìrì méjì,
torí iná Iléṣà a máa wá bí àlejò tó ń bínú:
lónìí ó fọ́ gílóòbù, lọ́la kò lè tan ẹyọ kan.

Ìyàwó mi, Mọrẹ́nikẹ́, ń ṣa ẹ̀wà.
Kò gbójú sókè.
"Ṣé wáyà la ó sè lálẹ́?"
Mo ní owó àjẹmọ́nú ni.
Ó ní, "Mo gbọ́."
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó mọ bí "mo gbọ́" ṣe wúwo tó.

Ọjọ́ Sátidé, irin náà kọ̀ kò wọlẹ̀.
Òkúta ni abẹ́ ilé wa. Irin tẹ̀,
a tún gbé e lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀
níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí.
Ìdògbé jó lẹ́ẹ̀dì, èéfín rẹ̀ gún mi nímú.
"Ẹ tàn án."
Mo tàn án. Kò sí nǹkan kan.
"O ti bà á jẹ́!"
Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ń ṣiṣẹ́.
Ìdákẹ́jẹ́ lẹ̀ ń gbọ́ yẹn."

Mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rẹ̀,
èyí tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ 1984 sí:
ìgbáradì ẹgbẹ́ akọrin, nínú pálọ̀ yìí kan náà.
Ohùn àwọn obìnrin yà sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Àga kan dún. Ewúrẹ́ ké níta.
Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́,
bàbá mi ń kà: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin,
oókan, eéjì, ẹẹ́rin...
Ó ṣì í kà.
Ẹni tó fi rúlà gbá mi lọ́wọ́ nítorí nóòtì kan ṣoṣo,
ó ṣì í kà, ó sì rẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀,
ó wá ń bá a lọ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́.
Ogójì ọdún ni kíkùn yẹn fi bò ó.

Mo dá a padà. Mo tún dá a padà.
Mọrẹ́nikẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, atẹ ẹ̀wà lọ́wọ́:
"Ta ló ń rẹ́rìn-ín yẹn?"

Lóru, n kò rí oorun sùn. Ilé dákẹ́ jù.
Mo ń wá kíkùn náà
bí ẹni ń fi ahọ́n wá eyín tó ti yọ.
Wáyà àtijọ́ kò ṣègbé:
ìyàwó mi lọ́ ọ ní ìlọ́po, ó nà án
láti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé òpó fàráńdà.
Aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ ń gbẹ lórí rẹ̀,
ṣòkòtò mẹ́ta, ṣẹ́ẹ̀tì kan.
Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti apá Òkèsà,
mo máa ń jáde lọ fi etí lé e.