Ìwé Ilà Arókoyọ̀

Ìwé kékeré kan wà nínú agolo tábà,
òróró ìbọn ti mu ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú.
Bàbá mi kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i,
kò kọ gbèsè, kò kọ ọjọ́ ìbí wa.
Àgbélébùú ló kún inú rẹ̀,
bẹ́ẹ̀ Mọpà la wà, níbi tí àgbélébùú
ti ń jókòó jẹ́ẹ́ lórí ilé ìjọsìn
tí kì í lé ẹnikẹ́ni wọ inú kòtò.

"Èyí ni ti ogun àkọ́kọ́," ni yóò wí,
èékánná rẹ̀ á tẹ ojú ewé.
"Sájẹ́ǹtì ló yà á fún wa sórí iyanrìn.
Wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bó ti là gbàgà
bí ẹnu kàkàkí.
Nígbà tí ogun yẹn ń re òpin, àwọn Jámánì gé ẹnu náà dànù,
wọ́n sọ ọ́ di igi méjì gbọọrọ tó dábùú ara wọn,
kí ará ilé wọn lè tètè dá wọn mọ̀ lókè."

Ewé tó kàn, aṣálẹ̀ ni, ogun tirẹ̀.
Dúdú nínú, funfun létí.
Ọkọ̀ òfurufú náà jọ iyanrìn,
ọ̀já funfun kan yí i ká lẹ́yìn
bí ìyá tó pọnmọ.
"Ṣùgbọ́n ohun tó pọ̀n kì í ṣe ọmọ."
Á wá dákẹ́.
Ìyá mi á pè wá láti ilé ìdáná pé iṣu ń tutù.

Àmì kan wà níbi ìrù tó fi yíǹkì pa rẹ́,
mo gbé e sí oòrùn kí n tó rí i:
àgbélébùú tí apá rẹ̀ ká bí ẹsẹ̀ alákàn.
Mo bi í. Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ilà.
Ìyẹn ni olówó wọn."

Ewé tó kẹ́yìn ni kì í jẹ́ kí n sùn.
Dúdú ti lọ.
Etí funfun nìkan ló kù,
bí ìgbà tí ènìyàn yọ ilẹ̀kùn, tó fi férémù sílẹ̀.
"Ẹni tó ń ṣẹ́gun," bàbá mi wí,
"a máa kọ ilà rẹ̀ gàdàgbà.
Ẹni tí wọ́n ń lé ń wá ibi sá pamọ́ sí,
àmọ́ kò lè pa á rẹ́ tán:
ará ilé rẹ̀ náà gbé ìbọn dání."

Ojú tirẹ̀ náà, mẹ́ta ni, ilà Yàgbà,
ó jìn, ó pàdé létí ẹnu.
Ti ẹ̀gbọ́n mi Ìbíyẹmí kò jìn,
ẹni bá súnmọ́ ọn ló ń rí i.
Nígbà tó kàn mí, olóòlà ti pọ́n abẹ,
bàbá mi ní, "Jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀."

Èmi ni mo ń kọ orúkọ sára ọkọ̀ akẹ́rù ní gáréèjì Kàbbà.
Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń fi funfun sétí dúdú:
eruku ọ̀nà Ìyàrà kì í jẹ́ kí ènìyàn kàwé.
Bí ọ̀dà bá wọ́n, etí nìkan ni mò ń fà,
oníbàárà á ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀,
kò mọ ohun tí ọwọ́ mi rántí.

Ọjọ́ tí a máa sin ín, káfíńtà ní kí n wá kun àgbélébùú
sórí pósí náà.
Mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ funfun.
Mo dúró.
Èwo ni kí n kùn? Èyí tó là lẹ́nu?
Èyí tó ṣófo?
Ọwọ́ mi fa mẹ́ta, láti òkè wá,
ó sì mú wọn pàdé ní igun kan.

Olùṣọ́-àgùntàn dé, ó wò ó títí.
Ó fi ìka kàn án díẹ̀, ó nu ìka náà mọ́ aṣọ.
Ó ní, "Ẹ rọra gbé e o.
Ọ̀dà ọ̀hún kò tíì gbẹ."