Wa Márùndínláàádọ́ta

Apá èèyàn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.
Ní Yasothon, níbi tí odò Chi ti ń wọ́ bí ejò tó yó,
bí o bá na apá rẹ méjèèjì bí ẹni fẹ́ dì mọ́ afẹ́fẹ́,
láti orí ìka dé orí ìka,
wa kan nìyẹn.
Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn: wa.

Ọgọ́rùn-ún wa onígun mẹ́rin, ngaan kan.
Ngaan mẹ́rin, rai kan.
Ìjọba wá ní apá ò dọ́gba, òótọ́ sì ni:
ti Thongin, bàbá ìyá mi, kúrú,
ti àbúrò rẹ̀ gùn bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń ká máńgòrò,
ààlà àwọn méjèèjì ò bára mu títí ikú fi là wọ́n.
Òfin gbé irin kalẹ̀, ó ní wa kan, mítà méjì géérégé,
kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín.
Bàbá àgbà ò bá òfin jà.
Ó mú dòjé dání lọ́wọ́ ọ̀tún,
ó na apá,
ẹnu dòjé ló bá a pé mítà méjì.

Èmi ni mo kàwé, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́.
Àwọn tó ń ra ìrẹsì olóòórùn dídùn lọ sókè òkun,
hẹ́kítà nìkan ni wọ́n gbọ́.
Mo jókòó lábẹ́ iná, ẹ̀fọn ń jẹ mí, mo ń ṣírò:
rai méje, ngaan méjì, wa márùndínláàádọ́ta.
Rai kan, ẹgbẹ̀jọ mítà. Ngaan kan, irinwó.
Wa kan, mẹ́rin péré.
Ó di ẹgbàá mẹ́fà ó lé ọgọ́sàn-án.
Mo tún un ṣe. Ẹgbàá mẹ́fà ó lé ọgọ́sàn-án.
Mo fi ẹgbàárùn-ún pín in:
oókan, àmì, eéjì, oókan, ẹẹ́jọ.

Àmọ́ ihò kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù wọn fi sílẹ̀ lẹ́yìn àmì.
Eéjì wọlé.
Oókan òun ẹẹ́jọ dúró síta bí àlejò tí wọn ò retí.
Rai méje àti ngaan méjì kún inú ìwé dẹ́nu,
ohun tó dúró síta, mo ṣírò rẹ̀ padà:
ọgọ́sàn-án mítà.
Wa márùndínláàádọ́ta,
kò lé ẹyọ kan, kò dín ẹyọ kan.

Màmá àgbà Samran ń rẹ ìrẹsì sómi de òwúrọ̀.
"Kí ló já bọ́?"
"Kékeré ni, Yai."
"Kékeré mélòó?"
Mo sọ fún un. Kò fèsì. Ó da omi náà nù, ó bu òmíràn.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tó fi pè mí.
A gba ẹ̀yìn ìrẹsì kọjá, ìrì ń rẹ wá lẹ́sẹ̀,
títí a fi dé igun tó kọjú sí abúlé:
wa márùn-ún níbùú, wa mẹ́sàn-án lóròó.
Adágún ẹja àrọ̀ nìyẹn, tí omi rẹ̀ dúdú bí tíì.
Igi àjàgbọn nìyẹn.
Èèkàn tí wọ́n ń so ẹfọ̀n mọ́ nìyẹn,
ẹfọ̀n tí wọ́n tà kí n lè wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga,
kí n lè mọ ìṣirò.

"Ìwé wọn ò mọ ibí," ó ní.
Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn.
Ó fẹ́ na apá, èjìká kọ̀ fún un.
"Ìwọ wá wọ̀n ọ́n."
Mo na apá mi.
Kò tó.
Ó wò mí títí, bí ẹni ń wo apá ẹlòmíràn,
ó yípadà lọ sábẹ́ ilé,
ó mú dòjé kan jáde, ẹnu rẹ̀ ti dógùn-ún, èèkù rẹ̀ ń dán,
ó kì í bọ̀ mí lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Ó yá," ó ní. "Wa kan."