Ìró Tó Ń Yọ̀

Ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun
Imogen dé pẹ̀lú dígí kékeré nínú báàgì rẹ̀.
Ọmọ Guildford ni, lápá gúúsù;
ó wá kọ́ ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi ti ń sọ
kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀.

Oṣù Ẹrẹ́nà ni rọpárọsẹ̀ gbá Wilf lẹ́nu,
nídìí síńkì, tòun ti ife tíì lọ́wọ́.
Ẹni tó fi ogún ọdún pa ẹja lójú omi Áísílàndì,
tí yìnyín bo irùngbọ̀n rẹ̀ tí kò ké,
ó ń wò mí, ó ń fi ìka tọ́ka sí kẹ́tùlù.

"Fáwẹ̀lì kan wà tí kì í dúró," ni Imogen wí.
"Ó máa ń yọ̀. Ẹnu á gbéra láti orí á, á dorí kọ í,
kò sì ní í dé ibẹ̀ tán.
Èyí àkọ́kọ́ ló ń gbé ẹrù;
èkejì kàn fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ni, ó ti lọ."
Ó gbé dígí sókè. "Ẹ wo àgbọ̀n yín, bàbá.
Ẹ là á. Ẹ jẹ́ kó máa gòkè bọ̀.
Ẹ má gé e. Ìró kan ni, kì í ṣe méjì."

Mo rò ó lọ́kàn ara mi: bí ọkọ̀ ojú omi ni,
tí a rí iná ẹ̀yìn rẹ̀ lórí Humber,
tí a kò rí ibi tó gúnlẹ̀ sí.
Àwa ìyàwó apẹja mọ ìyẹn.

Nọ́ńbà ilé wa ló kọ́kọ́ bi í. Ẹ̀sán.
Wilf mí kanlẹ̀. Iṣan ọrùn rẹ̀ dìde.
"Nààn."
Imogen fi bírò fa ìlà. "Ó kù díẹ̀. Kò yọ̀."
"Nààn."
"Náìn, bàbá. Náìn."
"Nààn!"
Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Ọmọ mi, fi bírò sílẹ̀.
Bí a ṣe ń pè é ní Hull nìyẹn.
Bi awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó gbé ọ wá,
bi ẹni tó ń din ẹja ní Hessle Road:
fààf ni àrún, tààm ni àkókò,
fóònù inú àpótí funfun wa, fẹ́ẹ̀n ni.
Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀tẹ́.
Àìsàn kọ́. Àdúgbò ni."

Ojú tì í. Ó pa ìlà náà rẹ́.
Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá tẹ́ lẹ́nu Wilf,
á bojú wò mí, á ní, "Hull nìyẹn."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó na àwòrán sí i:
òṣùpá, òrùlé, ajá tó sùn. Òru.
"Nààt," ni Wilf wí.
"Hull nìyẹn," ni Imogen wí.
Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.
Rárá. Èyí máa ń yọ̀ lẹ́nu wa.
Òru máa ń yọ̀, funfun máa ń yọ̀, iná máa ń yọ̀.
N kò mọ ìdí tí ẹ̀sán fi ń tẹ́ tí òru fi ń yọ̀;
mo kàn mọ̀ pé àìsàn ló jókòó síbí yìí.
Imogen tẹrí ba, ó ń fi ètè ka ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
títí ojú rẹ̀ fi là: "Ìdí ọ̀rọ̀ náà ni! Kọ́ńsónáǹtì tó tì í!"
Bóyá. Èmi ń wo ọkọ mi,
tó ti gbójú kúrò lọ́dọ̀ àwa méjèèjì.

Lálẹ́, mo pa iná. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì lágbára
sí àgbọ̀n mi, kó lè mọ bó ṣe ń gòkè.
Náìt. "Nààt." Náìt. "Nààt."
Òjò ń fọ́n sí fèrèsé. Mo ti fẹ́ sùn.
"Ná," ni ó wí, ó là á, kò gé e,
ó ń lọ, ó ń gòkè, kò dé ibẹ̀ tán,
"ìt."

Ó yọ̀. Èmi náà yọ̀.
Ó tún ní, "Láìt." Ó ní, "Láìt, láìt."
Iná ti kú tipẹ́, Wilf. Sùn.