Mọ àti Mọ̀

Ní Thunder Bay, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oní-táyà,
yàrá kan wà tí òórùn amọ̀ tútù àti kọfí àná kún bámúbámú.
Ibẹ̀ ni mo ń lọ ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀,
bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, yìnyín lórí fìlà,
ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta láàárín àwọn ọmọ ogún ọdún.
Pirkko, olùkọ́ wa, kì í kí ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì.
Ó ju wáyà sí mi lọ́wọ́:
"Egungun ni kó o kọ́kọ́ ṣe.
Awọ tí kò légungun nínú, àpò lásán ni."

Mo ká wáyà. Ẹsẹ̀ méjì, ọ̀pá ẹ̀yìn, apá tó gùn rékọjá.
Ó ní kí n gé apá yẹn kù. N kò gé e.
Bẹ́ẹ̀ ni apá Láoyè ṣe gùn,
ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìkirun,
tí í wà lórí ìjókòó nawọ́ mú páńpù lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Òun ni mo fẹ́ mọ.
Ìṣẹ́jú-àáyá ogójì péré ni fíìmù mi:
ọkùnrin kan dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó yí táyà,
ó sún etí mọ́ ọn, ó ń gbọ́ ibi tó ń dùn ún.

Amọ̀ gba imú. Amọ̀ gba àgbọ̀n,
ó gba irùngbọ̀n tó rí bíi koríko ọ̀gbẹlẹ̀.
Ìgbà tó kan etí, ọwọ́ mi dúró.
Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀,
n kò wo etí rẹ̀ rí.
Mo pe Mopélọ́lá ní Òṣogbo, àkùkọ kò tíì kọ lọ́dọ̀ rẹ̀.
"Etí? Ìwọ yìí, ta ní ń wo etí ènìyàn?"
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ bó ṣe ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì.
"Ti òsì ya síta díẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń fi sípóòkù há."

Nígbà tó di ti kọ̀ǹpútà, ọwọ́ mi di ọwọ́ àlejò.
Wọ́n fún mi ní bọ́ọ̀lù aláwọ̀ eérú kan, kò tutù, kò gbóná,
àti pẹ́ńsù tí kò ní lẹ́ẹ̀dì.
Mo tẹ̀ ẹ́, ó wọnú; mo fà á, ó yọ bí ìwo.
Mo fa ojú ọ̀tún, ojú òsì tẹ̀ lé e
bí àbúrò tó ń sín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ.
Àṣìṣe kò dùn mí mọ́: bọ́tìnì kan ni, mo ti padà sí àná.
Irọ́ ni n óò pa bí mo bá ní n kò gbádùn rẹ̀.
Àmọ́ lórí amọ̀, ojú àtàǹpàkò mi ṣì wà lẹ́bàá ọrùn rẹ̀
títí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Pirkko dúró lẹ́yìn mi, ó ń fá kọfí mu.
"Pa dígí yẹn. Kò sẹ́ni tí ojú rẹ̀ méjèèjì jọra."
Mo pa á. Mo ya etí òsì síta.
Ó wá dà bí ẹni tí mo ti bá pàdé rí.

A lè mọ ènìyàn láìmọ̀ ọ́n.
A lè mọ̀ ọ́n látọjọ́ pípẹ́, kí a má lè mọ ọ́n.
Àárín mọ àti mọ̀, ohùn kan péré ni;
ibẹ̀ ni mo ti ń fi ọ̀bẹ ike họ amọ̀ láti oṣù Ọ̀wàrà.

Ìgbà tí a fi egungun sí i tó kọ́kọ́ rìn,
orúnkún rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bíi ti adìẹ.
Mireille rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.
Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo ní
ẹ jọ̀ọ́, àgbàlagbà ni.

Mo fi ránṣẹ́ sí Mopélọ́lá, etí, táyà, gbogbo rẹ̀.
Ọjọ́ mẹ́ta, kò fèsì.
Lẹ́yìn náà: "Kì í ṣe òun.
Àmọ́ bó ṣe máa ń tẹ́tí nìyẹn."

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á, níbi tí adágún ti dì gbagidi.
Ọjọ́bọ̀ lọ̀la. Orúnkún ṣì ń dúró dè mí.